Iṣẹ́ Ire Ìlú, àti Bí Ó Ti Ṣe Lè Pẹ́ Ju Ẹni Tí Ó Dá A Sílẹ̀ Lọ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ará ìjọ ní Okota, lẹ́bàá Ìsọlọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Èkó

 

Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí jẹ́ irú iṣẹ́ kan tí ó wà láàrin ọrẹ àti òwò. Ẹni tí ó ń ṣe é ń rà, ó sì ń tà, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò gbogbo ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àpò ara rẹ̀ nìkan ni ó ṣe dá a sílẹ̀, bí kò ṣe nítorí àìní kan tí ó rí láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Èrè tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde ni a fi ń mú àìní náà kúrò. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí èmi yóò máa pè é ní òwò ire ìlú.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bíbẹ̀rẹ̀ kì í ṣòro fún wa. Ẹni tí ó bá rìn láti Cele títí dé òpin Ago Palace Way yóò ka pátákó ẹgbẹ́ púpọ̀ tí a dá sílẹ̀ fún ire: ti àwọn ọmọ aláìlóbìí, ti àwọn opó, ti kíkọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́. Inú mi a máa dùn bí mo bá rí pátákó tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dà pátákó náà bá ti ń bó, tí ẹni tí ó kọ́ ọ bá ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn, tàbí tí ó ti rẹ̀ ẹ́, tàbí tí ó ti sùn nínú Olúwa, njẹ́ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ síbẹ̀? Ìbéèrè tí ó mú mi wá síhìn-ín nìyí.

Àwọn kan a máa wí pé bí iṣẹ́ ire bá tilẹ̀ kú, ire tí ó ti ṣe kò nù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ẹni tí ó ṣèlérí owó ilé ìwé fún ọmọ opó kan, tí ó san án fún ọdún méjì, tí àpò rẹ̀ sì gbẹ ní ọdún kẹta, ó ti gbé ọmọ náà dé agbedeméjì odò. Ìyá ọmọ náà ti gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí, ó ti fi ìwọ̀nba owó tí ó ní sí ìdí ọjà mìíràn. Nígbà tí ìlérí bá yẹ̀, ọmọ náà yóò padà sílé pẹ̀lú ìtìjú tí kì bá tí ní bí a kò bá mú un lọ rárá. Kí ó sì tó di pé ẹlòmíràn yóò tún wá sí ojúlé yẹn pẹ̀lú iṣẹ́ ire mìíràn, kí àwọn ará ilé sì tó gbà á gbọ́, yóò pẹ́. Nítorí náà, ìwàpẹ́ iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀ṣọ́ tí a ń fi kún un lẹ́yìn. Ara ìlérí náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Agége. Kò jìnnà sí wa. Bí ọ̀nà Oṣòdì bá dá, a ó tètè dé ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé ọ̀nà Oṣòdì kì í sábà dá. Mo yan Agége nítorí pé àwọn ènìyàn ìjọ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ, àti nítorí pé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ti gbilẹ̀, ó sì ti parí, tí a fi lè yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí.

Ní nǹkan bí ọdún 1880, James Pinson Labulo Davies gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ijon, ní apá ìwọ̀ oòrùn Agége. Ọ̀gá ọkọ̀ òkun àti oníṣòwò ńlá ni ọkùnrin yìí ní Èkó; òun ni ọkọ Sarah Forbes Bonetta, ọmọbìnrin tí Ọbabìnrin Victoria fi ṣe ọmọ ìtọ́jú. Gbèsè ti wó òwò rẹ̀ lulẹ̀ ní àwọn ọdún 1870, ó sì yí padà sí oko. Láti erékùsù Fernando Po ni ó ti rí lára èso tí ó gbìn. Àwọn ọmọ Èkó mìíràn tí òwò ń dojú rú fún bíi tirẹ̀ wò ó, wọ́n sì rí i pé igi yìí ń so ní ilẹ̀ wa. Ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín ìtìjú tí ó wà nínú ìyípadà yẹn. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti wọ kóòtù, tí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà sí Manchester àti Liverpool, ni wọ́n gbé ọkọ́ àti àdá wọ inú igbó.

Lára àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Davies ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí ní 1866, ẹni tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkò, lẹ́bàá Agége. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ St. Paul's ní Breadfruit, ní Èkó, ni. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìjọ náà àti Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell lórí yíyọ tí a fẹ́ yọ Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson kúrò níbẹ̀, Coker wà lára àwọn tí ó jáde ní 1901, tí wọ́n sì dá African Church sílẹ̀, èyí tí a pe ilé ìsìn rẹ̀ ní Bethel. Èmi kò wá síhìn-ín láti tún ẹjọ́ yẹn dá; àwọn tí ó jà á ti jíhìn níwájú Onídàájọ́ tí ó ga jù wá lọ. Ohun tí ó kàn mí ni èyí: ìjọ tí ó jáde kò ní àpò kankan ní London tí yóò máa bu owó fún un. Bí kò bá rí owó láàrin ara rẹ̀, kò ní lè sanwó oṣù fún olùkọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè ran ajíhìnrere kan jáde. Láti inú oko kòkó ni púpọ̀ nínú owó náà ti wá.

Ní 1907 àwọn olóko náà kó ara wọn jọ, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Agege Planters' Union, Coker sì ni olórí rẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe. Wọ́n ń fi ẹnu kò lórí owó ọ̀yà, kí olóko kan má baà máa fi owó fa òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì. Wọ́n ń wá ọ̀nà láti ta kòkó pọ̀, kí ẹni tí ó ń rà má baà máa ya wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ́ wọn jẹ. Wọ́n ń kọ́ ara wọn bí a ti ń gbin igi, bí a ti ń tọ́jú rẹ̀, àti bí a ti ń sá èso. Ní oko Coker, àdúrà ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òwúrọ̀. Bíbélì àti ọkọ́ jọ ń lọ pọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n wọn ga jù sí ni ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀nà irin tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1896 ti dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Agége kọjá. Ó mú kí ó rọrùn fún àwọn ará òkè láti sọ̀ kalẹ̀ wá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó tún mú kí iṣẹ́ mìíràn tí ń sanwó pọ̀ sí i, tí ó fi jẹ́ pé òṣìṣẹ́ wọ́n. Owó nìkan kò lè fa wọ́n wá. Ohun tí àwọn olóko Agége fi kún owó ọ̀yà ni ìmọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ti ìlú rẹ̀ wá ṣe àgbàṣe ní Agége, tí ó sì parí àkókò tí ó dá, kò padà sílé pẹ̀lú owó nìkan; ó mọ bí a ti ń gbin kòkó, ó sì lè mú èso rẹ̀ dání lọ. Àwọn aṣáájú ìjọ náà tí wọ́n ń rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kò sì dákẹ́ nípa igi yìí. Níbi tí wọ́n bá ti wàásù ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ oko.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Oníṣòwò tí ó bá ronú bí oníṣòwò lásán kì bá tí ṣe ohun tí wọ́n ṣe yìí. Òṣìṣẹ́ tí o kọ́, tí o sì fi èso lé lọ́wọ́, ní ọdún díẹ̀ sí i yóò di olóko. Yóò máa tà ní ọjà kan náà tí ìwọ ń tà. Ilẹ̀ tirẹ̀ sì dára ju ti Agége lọ. Ilẹ̀ Agége fúyẹ́, iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀, kòkó kì í sì pẹ́ níbẹ̀ bí ó ti ń pẹ́ ní igbó Ifẹ̀ àti Oǹdó. Àwọn olóko Agége kò ṣàìmọ̀ pé ẹni tí ń pín irúgbìn ń pín ọjà rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n pín in. Lápá kan, ó ṣe wọ́n ní ànfàní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rí òṣìṣẹ́. N kò sì fẹ́ kí a sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Lápá kejì, ohun tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fún gan-an ni pé kí ọmọ Yorùbá ní owó tí kì í ṣe ti olówó òkèèrè. Kò sì ṣeé ṣe kí ohun bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ bí irúgbìn bá wà ní ìkáwọ́ oko mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní Ìfàkò.

Lẹ́yìn náà ni ìṣubú dé. Iye owó kòkó tí ó ti fò sókè lẹ́yìn ogun wó lulẹ̀ ní 1920 sí 1921, kì í sì ṣe ní Agége nìkan, gbogbo ayé ni. Àwọn olóko Agége, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ oníṣòwò tí ó mọ bí a ti ń yáwó, ti fi ilé àti ilẹ̀ dúró fún owó. Nígbà tí iye owó wó, gbèsè kò wó. Igi ń gbó, ilẹ̀ ń ṣá. Obì ni ó gba ipò kòkó ní Agége, tí orúkọ ìlú náà sì fi kàn dé ilẹ̀ Haúsá. Nígbà tí Coker kú ní 1945, ẹgbẹ́ ńlá yẹn ti di ohun tí àwọn àgbà ń rò ní ìtàn.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wo ìwé owó nìkan yóò wí pé wọ́n pòfo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibòmíràn. Kòkó ti gba ilẹ̀ Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Èkìtì kan. Kì í ṣe Agége nìkan ni ó fà á, òtítọ́ ni èyí. Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ti ń rọ àwọn ará Oǹdó láti gbìn ín kí ẹgbẹ́ Agége tó wà, ìjọba pẹ̀lú sì ti ṣí ọgbà irúgbìn sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta láti 1887. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn alágbàṣe tí ó ti Agége padà sílé wà lára ẹsẹ̀ tí ó gbé e lọ. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kínní 1955, owó kòkó wà lára òpó tí ó gbé e dúró. Púpọ̀ nínú àwọn òbí yín ni ó mọ ìwé kà nítorí ọdún náà. Ìjọ tí wọ́n fi owó oko gbé ró pẹ̀lú ṣì wà títí di òní.

Ohun tí ó kú ní Agége ni ohun tí ó wà lórí gbèsè, lórí igi kan ṣoṣo, àti lórí iye owó tí ẹlòmíràn ń dá. Ohun tí ó yè ni ohun tí wọ́n ti fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ìṣòro tó dé. N kò mọ ẹ̀kọ́ mìíràn nípa aṣáájú tí ó tó èyí. Olórí tí ó mọ ọ̀nà a máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí ọwọ́ mi bá kúrò níbẹ̀ lọ́la, kí ni yóò kù, ta ni yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwọn kan lè ní ohun tí mo ń sọ yìí kò bá ìṣọ̀kan mu, pé iṣẹ́ a máa lágbára bí ohun gbogbo bá wà lábẹ́ àṣẹ kan. Bí ẹ bá fẹ́ rí agbára irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, létí òkun. Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tí wọ́n ti ara Kérúbù àti Séráfù jáde tẹ ìlú náà dó, lẹ́yìn tí àwọn ará ilé wọn ti ṣe inúnibíni sí wọn. Àpò kan ni gbogbo wọn ní. Ẹja tí a pa, ọkọ̀ ojú omi tí a kàn, aṣọ tí a hun, ti gbogbo ìlú ni. Láti inú àpò náà ni a sì ti ń bọ́ olúkúlùkù, tí a ń kọ́ ọmọ, tí a sì ń ra ẹ̀rọ. Wọ́n gbé ìlú sókè lórí ẹrẹ̀, wọ́n ní iná mànàmáná ṣáájú ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, àwọn àlejò sì ń ti òkèèrè wá wò wọ́n. Ní 1963 ni ọba wọn àkọ́kọ́, Ethiopia Ojagbohunmi Peter, ẹni tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ogeloyinbo, wàjà. Kí ọdún 1970 tó dé, àpò kan ṣoṣo náà ti tú; olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òwò tirẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ìlú náà sì rọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlú náà, ó sì ń jẹ ẹ́ títí di òní. Ẹ̀bi òkun kì í ṣe tiwọn. Àánú wọn ni ó yẹ kí ó ṣe wá. Ṣùgbọ́n kí òkun tó dé ni àpò ti tú. Ìgbọràn tí ó gbé ìlú náà ga, ẹni kan ni a ń gbọ́ràn sí, kò sì rọrùn láti fi irú ìgbọràn bẹ́ẹ̀ jogún fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yóò wí pé ìtàn àtijọ́ ni mo ń pa. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a padà wá sí ìtòsí. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí òjò ń ṣe ní Okota. Kánááà tí ó yẹ kí ó gbé omi lọ, ike, ọ̀rá omi, agolo àti páálí ni ó kún inú rẹ̀. Nígbà tí omi kò sì rí ọ̀nà, a wọ inú ilé. Ní 2012, Bilikiss Adebiyi-Abiola, ọmọ Nàìjíríà tí ó kàwé ní MIT ní Amẹ́ríkà, dá ilé iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù wọ inú àdúgbò tí mọ́tò ńlá akólẹ̀ kò lè wọ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ń ṣa ike àti agolo sọ́tọ̀, wọ́n ń wọ̀n wọ́n lójú wọn, wọ́n ń kọ máàkì sílẹ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n náà ti tó, wọ́n sì ń fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù wọn. Bí máàkì bá pọ̀ tó, a gba ohun èlò ilé. Ilé iṣẹ́ náà sì ń ta ohun tí ó kó fún àwọn tí ń fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di ohun tuntun. Ìdọ̀tí ni ọjà, ọjà náà ni ó ń sanwó ìmọ́tótó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí kẹ̀kẹ́ ni mo ṣe mú un wá. Ní 2017 a pe obìnrin náà sí iṣẹ́ ìjọba, láti ṣe olórí àjọ tí ń tọ́jú ọgbà àti igi ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọdún karùn-ún iṣẹ́ náà nìyí, ìgbà tí púpọ̀ nínú iṣẹ́ ire wa máa ń kú. Arákùnrin rẹ̀, Olawale Adebiyi, ni ó bọ́ sí ipò olórí, iṣẹ́ náà kò sì dúró. Ẹ̀bùn King Baudouin ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù fún ìdàgbàsókè Áfíríkà, ti ọdún 2018 sí 2019, ẹ̀yìn tí ẹni àkọ́kọ́ ti gba ipò mìíràn ni ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ẹnìkan lè wí pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti kọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ara rẹ̀ ní ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀, tí ó lè fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ láàárọ̀ ọ̀la?

Mósè kò dúró di ìgbà tí ó gun òkè Nébò kí ó tó mọ ẹni tí Jóṣúà jẹ́. Ó ti rán an lọ bá Ámálékì jà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò ní Íjíbítì, ó ti rán an lọ ṣe amí ilẹ̀ náà, ó ti mú un dání gun òkè. Ogójì ọdún ni ó fi kọ́ ọ. Àwa a máa kọ́ ẹni tí yóò rọ́pò wa ní ọ̀sẹ̀ tí dókítà bá ní kí a lọ sinmi.

Mo gbọ́ láti ẹnu Alàgbà Alága pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ yìí ti ń gbèrò láti kó ike àti agolo jọ ní àdúgbò yìí, kí wọ́n sì máa fi èrè rẹ̀ san owó ilé ìwé àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní. Èrò rere ni, mo sì fẹ́ bá yín sọ ọ́ bí ẹni tí ó fẹ́ kí ó yè.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé iye owó ike kò sí lọ́wọ́ yín, gẹ́gẹ́ bí iye owó kòkó kò ti sí lọ́wọ́ Coker. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń rà á ni yóò máa sọ iye tí wọn yóò san, yóò ga ní oṣù kan, yóò sì wálẹ̀ ní oṣù mìíràn. Bí ẹ bá gba ọmọ mẹ́wàá nítorí iye owó oṣù tí ó dára, ẹ ó lé márùn-ún nínú wọn padà sílé nígbà tí iye owó bá wálẹ̀. Ẹ fi oṣù tí ó burú jù ṣe ìwọ̀n, kí ẹ sì gba iye ọmọ tí oṣù bẹ́ẹ̀ lè gbé. Ohun tí ó bá lé ní oṣù tí ó dára, ẹ ṣe é bí Jósẹ́fù ti ṣe ọkà ní Íjíbítì. Owó ọmọ kan títí yóò fi jáde ni kí ó wà nílẹ̀ kí a tó mú ọmọ mìíràn. Mo mọ̀ pé èyí yóò dàbí ìkanra lójú àwọn ìyá tí àánú ń ṣe, ìyá kan sì ti wí fún mi ní ẹnu ọ̀nà pé ọmọ mẹ́ta kò tó nǹkan. Ọmọ mẹ́ta tí ó jáde ní ilé ìwé tó nǹkan, ìyá wa.

Ẹ má sì ṣe gbára lé ike nìkan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn kan nínú yín mọ bí a ti ń ṣe ọṣẹ, àwọn kan ń rán aṣọ. Bí ike bá dákẹ́, kí nǹkan mìíràn wà tí yóò máa fọhùn.

Lórí owó àyálò, àwọn ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ yóò bá yín sọ̀rọ̀, wọn yóò sì fẹ́ yá yín ní owó láti ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù mẹ́rin. Ẹ fi ọmọlanke kan bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọlanke náà bá ti ra ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lè wá sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, owó ẹlòmíràn sì ni itọ́ tiwa ní ayé òde òní.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù le díẹ̀, mo sì bẹ ìyá ààrẹ kí ó má ṣe bínú sí mi. Gbogbo ìlú mọ̀ pé òun ni ó ru èrò yìí jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó sì ti rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ra ike. Bí nǹkan ti rí lónìí, nọ́ńbà tẹlifóònù wọn wà lórí fóònù rẹ̀ nìkan, iye tí wọ́n dá wà ní orí rẹ̀ nìkan, ojúlé tí ó ti gbà láti máa ṣa ike wà nínú ìwé kékeré kan tí ó wà nínú báàgì rẹ̀. Èmi kò rí ìwà àbùkù nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rere ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí bí mo ti ń fẹ́ kí ó rí kí Kérésìmesì tó dé, iṣẹ́ náà kò tíì di ti ìjọ.

Àbá tí mo ní níyí, Alàgbà Alága. Kí ìgbìmọ̀ yan àwọn ìyá méjì tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó ogójì, kí ọ̀kan wà ní ìdí ìwé owó, kí èkejì wà ní ìdí àwọn tí ń ra ike, kí àwọn méjèèjì sì máa bá ìyá ààrẹ lọ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń lọ tà. Ní oṣù kẹrin, kí ìyá ààrẹ jókòó sílé ní ọjọ́ títà, kí wọ́n lọ láìsí òun. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, kí a fi í sílẹ̀ fún wọn láti tún un ṣe. Kí a sì máa ka ìwé owó sétí ìjọ ní Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, iye kílò tí a kó, iye tí a tà á, orúkọ ẹni tí ó rà á, àti iye tí ó wà nílẹ̀, kí ọmọdé pàápàá lè mọ̀ ọ́n. Kí a má ṣe pe orúkọ àwọn ọmọ tí a ń ràn lọ́wọ́ níbẹ̀.

Òṣùwọ̀n kan wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìsìn yìí tí a fi ń wọn ìrẹsì ní ìgbà ìkórè. Akọ̀wé ìjọ ti wí fún mi pé ó ṣì péye. Ẹ lè lò ó láti Satidé tí ń bọ̀. Bí ìbéèrè bá wà, mo wà níhìn-ín títí agogo mẹ́jọ.